Máàpù adójútòfò iná ti Sanborn: báwo la ṣe ń kà á?

Àdìsá Pàkátà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Mo fẹ́ fi ìlú kékeré kan ní Amẹ́ríkà wé Ìlọrin, tí réluwéè dé ní 1908. Mo ti rí máàpù Sanborn ti ìlú náà, èyí tí ilé-iṣẹ́ Sanborn yà fún àwọn adójútòfò iná, àmọ́ àwọ̀ àti lẹ́tà orí rẹ̀ kò yé mi. Báwo ni mo ṣe máa gbé e lé máàpù òde òní? Ṣé irú rẹ̀ wà fún Ìlọrin?

Akọ̀wé Ọjà-Ọba:
Yẹ́lò ni ilé pákó, píǹkì ni bíríkì, búlúù ni òkúta, àwọ̀ eérú ni irin. D ni ilé gbígbé, S ni ṣọ́ọ̀bù. Nọ́ńbà igun ilé ni iye àjà: 1 ni ilé ilẹ̀, 2 ni pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Íǹṣì kan sábà máa ń dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 50.

Ọdún gan-an ló ń da èèyàn láàmú. Bí ilé tuntun bá dìde, àbúlẹ̀ bébà ni wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìwé àtijọ́, nítorí náà ìwé tí wọ́n kọ 1912 sí lè gbé ilé 1925 dání. Ẹ wá àkọsílẹ̀ àtúnṣe ní ojú ìwé àkọ́kọ́, kí ẹ sì sún àwòrán náà mọ́ra: etí àbúlẹ̀ máa ń hàn bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́. Ẹ sá fún ẹ̀dà dúdú-àti-funfun, torí yẹ́lò àti píǹkì á jọ ara wọn níbẹ̀. Èyí tó ní àwọ̀ wà lọ́fẹ̀ẹ́ lórí ìkànnì Library of Congress.

Ohun tó lè jó ni àwọn ayàmáàpù Sanborn ń wá kiri o. Ẹ̀yìn ìlú tí oníbàárà wọn kò sí, wọn kì í sábà dé ibẹ̀. Ẹ má torí ìyẹn sọ pé ilé kò sí níbẹ̀.

Ọmọ Ọlọ́fà:
Georeferencer, irinṣẹ́ tó ń gbé àwòrán lé máàpù, nínú QGIS (ètò kọ̀ǹpútà fún máàpù) ni kí ẹ lò, ìwé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Àmì 3 (ibi tó bára mu lórí máàpù méjèèjì) ló kéré jù fún Polynomial 1, ọ̀kan lára ọ̀nà ìṣírò inú rẹ̀, àmọ́ 6 sí 8 ló dáa, kí wọ́n fọ́n ká, kí wọ́n má tò sójú ìlà kan. Igun ilé àtijọ́ tó ṣì dúró ni kí ẹ mú. Ẹ fi àárín títì sílẹ̀, wọ́n lè ti fẹ̀ ẹ́ lójú. Bí ìwé kan bá gbé àdúgbò méjì tí kò fara kanra, ẹ gé wọn sọ́tọ̀ kí ẹ tó fi àmì kankan sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀kan á wọ́.

Alánàámù:
Sanborn kò ya Ìlọrin. Ẹ lọ béèrè fáìlì ILORPROF, ìyẹn ti Ìlọrin Province láyé òyìnbó, ní National Archives ti Kàdúná. Ohun tó kù, ẹ fẹsẹ̀ rìn ín, kí ẹ fún amọ̀ ní àwọ̀ tirẹ̀, bulọ́ọ̀kù ní tirẹ̀. D kan ṣoṣo kò sì lè gba agboolé, ẹ ka ojúlé kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ọ̀pọ̀ ògiri amọ̀, ẹ má jẹ́ kó tàn yín: ojú fèrèsé ni kí ẹ wò, amọ̀ máa ń nípọn ju bulọ́ọ̀kù lọ.