Ìfilọ̀, ìpolówó àti bòńkẹ́lẹ́: kí la ó máa pe ọ̀nà tí àwo orin ń gbà jáde?

Ẹ̀yin ará, ẹ kú iṣẹ́ èdè o.

Ẹni tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ láti Ọ̀yọ́ ní òun ń wá orúkọ Yorùbá fún gbogbo ohun tí olórin máa ń ṣe láti ìgbà tó bá ti dárúkọ àwo tuntun títí di ọjọ́ tí a ó gbọ́ ọ: àwòrán páálí rẹ̀, orúkọ àwọn orin inú rẹ̀, orin kan tàbí méjì tó ń ṣáájú, fídíò kéékèèké lórí fóònù. Ó dá "ìpolówó gígùn" àti "ìpolówó kúkúrú" lábàá. Ẹlòmíì ní kí a máa pe èyí tó bá jáde láìsọ fún ẹnikẹ́ni ní "àwo òjijì". Èmi ò fara mọ́ ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí n ro ẹjọ́ mi láti Ògbómọ̀ṣọ́ níbí.

Ẹni tó ń polówó ti gbé ọjà rẹ̀ rù ná. Ẹ pe ẹni tó ń polówó ẹ̀kọ ní Sábó, yóò sọ igbá kalẹ̀, ẹ ó sì rí ẹ̀kọ níbẹ̀. Olórin tó ní àwo òun ń bọ̀ lóṣù mẹ́ta òní lè má tíì kọ orin rẹ̀ tán. Kí ló ń polówó? Ìfilọ̀ ló ń ṣe. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, bí ẹni méjì bá fẹ́ gbéyàwó, wọn a kà á mọ́ ìfilọ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú: orúkọ ọkọ, orúkọ ìyàwó, ọjọ́ tó bọ́ sí. Ẹni tí kò bá ní ọjọ́, akọ̀wé ò ní kà á.

Ìdí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀rọ̀ náà nìyẹn. Bí a bá gba ìfilọ̀, "gígùn" àti "kúkúrú" á kúrò nílẹ̀, torí èdè wa ti ní ọ̀nà tó fi ń so iye ọjọ́ mọ́ nǹkan. Davido kéde Timeless ní ọjọ́ 21 oṣù kẹta, ọdún 2023, àwo náà sì jáde ní ọjọ́ 31 oṣù náà. Ìfilọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá nìyẹn. Èyí tó bá gba oṣù mẹ́ta, ìfilọ̀ olóṣù mẹ́ta ni. Ta ló máa jókòó láti pinnu ibi tí kúkúrú parí sí?

Tiwa tí a jẹ́ olólùfẹ́ orin, iye ọjọ́ gan-an kọ́ ló ń bí wa nínú. Ọjọ́ tí kò dúró lójú kan ni. Kanye West pe èèyàn jọ sí pápá ìṣeré ńlá ní Atlanta ní ọjọ́ 22 oṣù keje, ọdún 2021, láti gbọ́ Donda. Ó yẹ kí àwo náà jáde lọ́jọ́ kejì. Kò jáde. Ó kúkú lọ ń gbé inú pápá ìṣeré náà, ó ń tún orin ṣe, ó tún pe èèyàn jọ lẹ́ẹ̀kejì, ó pè wọ́n lẹ́ẹ̀kẹta ní Chicago, ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ ni a tó rí i. Èyí ò nílò ọ̀rọ̀ tuntun rárá. Yorùbá ti ní fòní-dónìí-fọ̀la-dọ́la.

Ẹ má fi Made in Lagos kún un o. Òótọ́ ni pé ó pẹ́ tí Wizkid ti ń dárúkọ rẹ̀, ìlérí ni mo sì máa pe ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá, ọdún 2020 tó yẹ kó jáde, ìwọ́de EndSARS ti gba gbogbo ìgboro kan, ló bá di ọjọ́ 30. Ìsúnsíwájú nìyẹn. Kò sí olólùfẹ́ orin kan tó lójú tó lè bínú sí i.

Bàbá kan nínú wa ní òjijì ò dára lẹ́nu, pé àdúrà la máa ń gbà kí a má rí i. Ó fi "àìròtẹ́lẹ̀" dípò. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejìlá, ọdún 2013, Beyoncé gbé àwo tó fi orúkọ ara rẹ̀ pè sórí iTunes láìfilọ̀: orin 14, fídíò 17. Ta ló lè ṣe fídíò 17 lójijì? Wọ́n ti ń ṣe é tipẹ́, gbogbo ẹni tó mọ̀ sí i ló pa ẹnu mọ́. Àwa tí a gbọ́ ọ nìkan ló bá lójijì. Òjijì àti àìròtẹ́lẹ̀, etí tiwa ni àwọn méjèèjì ń sọ, wọn ò sọ nǹkan kan nípa ọgbọ́n ẹni tó ṣe é. Àwo bòńkẹ́lẹ́ ni. Mo mọ̀ pé àlè làwọn kan máa rántí. Ẹ rẹ́rìn-ín tán ná, ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ.

Bòńkẹ́lẹ́ wù mí ní ti ọgbọ́n inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa: àìsùn, òru tí a fi ń retí àwo. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àwo tuntun ń jáde ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ Ajé ní Ìlú Ọba. Láti ọjọ́ 10 oṣù keje, ọdún 2015 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ti sọ ọ́ di ọjọ́ Ẹtì. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí LAUTECH mọ bí òru Ọjọ́bọ̀ ṣe ń rí tí àwo ńlá bá ń bọ̀: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á ti ra dátà òru sílẹ̀, wọ́n á máa retí aago méjìlá, bó bá fi máa di aago kan, àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀ lórí orin kẹrin. Àìsùn àwo ni mo fẹ́ ká máa pe òru yẹn. Ìfilọ̀ ọlọ́jọ́ mẹ́wàá tó láti múra sílẹ̀ fún un. Olóṣù mẹ́ta máa ń jẹ́ kí wọ́n ti gbé orin márùn-ún jáde ṣáájú, a ó wá dé ibi àìsùn, a ó máa fo orin.

Ẹnì kan béèrè pé kí ló dé tí àwọn àgbà jùjú àti fújì ò fi ní ọ̀rọ̀ fún èyí. Òde ìnáwó ni wọ́n ti ń ṣe tiwọn. Sunny Ade àti Obey lè gbé ju àwo kan lọ jáde lọ́dún, ọ̀pọ̀ orin inú rẹ̀ ni àwọn tó lọ sóde ti jó sí kó tó di àwo.

Ó ku "èènì" tí wọ́n dá lábàá fún àwo tí wọ́n fi orin kún tí wọ́n tún gbé jáde. Ọ̀rọ̀ náà dùn, àmọ́ ìdí àtẹ ni oníbàárà ti ń gba èènì, kó tó kúrò níbẹ̀. Oṣù kẹjọ ọdún 2021 ni orin tí wọ́n fi kún Made in Lagos dé, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó oṣù mẹ́wàá. Ìyá aláta wo ló ń sáré bá èèyàn nílé láti fún un ní èènì lẹ́yìn oṣù mẹ́wàá? Àwo àfikún ni kí a máa pe irú ìyẹn, ká fi èènì sílẹ̀ fún èyí tó bá dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan náà.