Business class wo ló máa rọ Màmá lọ́rùn láti Èkó dé Houston?

Olùbéèrè (Lágéré, Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará ilé. Màmá wa fẹ́ lọ kí àbúrò mi ní Houston. Ẹni ọdún 74 ni wọ́n, orúnkún ń dà wọ́n láàmú, wọ́n sì máa ń dìde lọ tọ̀ lóru. Àwọn nìkan ló ń lọ. Àwa ọmọ ti dáwó jọ, business class la fẹ́ rà. Ajẹ́ńtì kó mẹ́rin síwájú wa: Qatar, Emirates, Turkish àti Delta. Owó wọn ò jìnnà síra. Físà Amẹ́ríkà ti wà lọ́wọ́ wọn. Èwo ni ká mú?

Onítíkẹ́ẹ̀tì Ìrójò (Iléṣà):
Ẹ má tíì mú orúkọ kankan. Irú bàálù tó máa gbé wọn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè, torí ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo lè ní àga oríṣi mẹ́ta, kí gbogbo rẹ̀ sì máa jẹ́ business class. Ẹ ní kí ajẹ́ńtì fi àmì bàálù hàn yín fún ìrìn kọ̀ọ̀kan: 77W ni Boeing 777-300ER, 789 ni 787-9, 351 ni Airbus A350-1000, 339 ni A330-900, 388 ni A380. Tẹ́ ẹ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ lọ sórí ìkànnì aeroLOPA lórí fóònù yín, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe to àga àti ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

Ohun tẹ́ ẹ ń wá ni 1-2-1: ẹnì kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, méjì láàárín, ẹnì kan lápá kejì. Kò sẹ́ni tí kò ní ojú ọ̀nà tirẹ̀. Ibi tí Emirates ti máa ń dun èèyàn nìyẹn. 777 ni wọ́n fi padà wá sí Èkó ní October 2024, ọ̀pọ̀ nínú 777 wọn ló sì jẹ́ 2-3-2. Tí Màmá bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, tí ẹni ẹ̀gbẹ́ wọn ti na ẹsẹ̀ tó sùn, àfi kí wọ́n gbẹ́sẹ̀ kọjá lórí rẹ̀. Pẹ̀lú orúnkún yẹn kẹ̀? Wọ́n ti ń tún àwọn kan ṣe sí 1-2-1 láti 2024, ṣùgbọ́n ẹ ò lè mọ èyí tí wọ́n máa gbé wá. A380 wọn dáa ní tiẹ̀, 1-2-1 ni. 777 ti Turkish náà, 2-3-2 ló pọ̀ jù níbẹ̀. A350 àti 787-9 wọn ló sàn.

Qatar: tó bá jẹ́ Qsuite, àga náà ní ilẹ̀kùn. Ẹ má gba àga tó ní lẹ́tà A tàbí K fún wọn. Àwọn yẹn ló sún mọ́ fèrèsé, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni wọ́n kọjú sí. B àti J kọjú síwájú, wọ́n sì wà létí ọ̀nà gan-an. 787-8 wọn kò ní Qsuite, àmọ́ 1-2-1 náà ni. Ẹ tún béèrè bóyá tíkẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe "Lite", torí ìyẹn kì í ní lounge, ìyẹn yàrá ìsinmi ní pápákọ̀ òfuurufú, ẹ sì máa sanwó kẹ́ ẹ tó yan àga.

Ọmọ Ọwá:
Virgin ń kọ́? London ò jìnnà.

Onítíkẹ́ẹ̀tì Ìrójò (Iléṣà):
Àga 787-9 wọn, ẹ gbọ́dọ̀ dìde dúró kí wọ́n tó yí i padà di ibùsùn. Ní gbogbo ìgbà tí Màmá bá fẹ́ dùbúlẹ̀ tàbí jókòó. Mi ò ní gbà á níyànjú.

Ará Mọ̀dákẹ́kẹ́:
Delta lèmi máa mú o. Ẹ wo ojú ọ̀nà ti Qatar: láti Èkó dé Doha, níbi tí wọ́n ti máa pààrọ̀ bàálù, tó wákàtí méje àtààbọ̀, Doha sí Houston á tún tó mẹ́rìndínlógún. Ìlà oòrùn ni wọ́n ń gbé yín lọ kẹ́ ẹ tó padà sí ìwọ̀ oòrùn! Delta ń fò tààrà láti Èkó sí Atlanta, bíi wákàtí méjìlá sí mẹ́tàlá, lẹ́yìn náà nǹkan bíi méjì péré ló kù sí Houston. A330 wọn, 1-2-1 ni. 339 tún ní ilẹ̀kùn.

Ibi tó ti le ni Atlanta. Níbẹ̀ ni wọ́n ti máa wọ Amẹ́ríkà, nítorí náà wọ́n á tò fún ìwé ìrìnnà, wọ́n á gba ẹrù, wọ́n á gbé e kọjá lọ́dọ̀ kọ́sítọ́ọ̀mù, wọ́n á tún fà á lé ilé iṣẹ́ lọ́wọ́ kó tó dé Houston. Bó tiẹ̀ jẹ́ pé orí tíkẹ́ẹ̀tì kan náà ni. Ẹ fún wọn ní ó kéré tán wákàtí mẹ́ta níbẹ̀. Wákàtí kan àtààbọ̀ tí kọ̀ǹpútà máa ń gbé sílẹ̀ kò tó fún àgbàlagbà. Kí wọ́n má gbé kílíṣí tàbí ẹran gbígbẹ kankan dání, wọ́n á gbà á, kí wọ́n sì sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù nípa gbogbo oúnjẹ yòókù. Àga inú bàálù abẹ́lé yẹn kì í sì í di ibùsùn, àga ńlá tó ń fẹ̀yìn tì díẹ̀ ni.

Olùbéèrè (Lágéré, Ilé-Ifẹ̀):
Ẹ ṣeun gan-an. Ẹrù yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Ta ló máa fà á fún wọn?

Nọ́ọ̀sì kan (Iléṣà):
Ẹni tó bá ń ti wheelchair. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, ẹ sì wo àmì tí wọ́n kọ. WCHR ni ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn. WCHS ni ẹni tí kò lè gùn ún. Ajẹ́ńtì a máa kọ WCHR fún gbogbo àgbàlagbà. Tí bàálù bá wá dúró sí ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ní kí èrò gba àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, ìgbà yẹn lẹ ó mọ ìyàtọ̀. WCHS ni ti Màmá.

Lórí àga: ọ̀pọ̀ ibùsùn wọ̀nyí ló ní ihò tóóró tí ẹsẹ̀ máa ń wọ̀, orúnkún tó ti le kì í rí ibi yí padà níbẹ̀. Ihò ti ìlà iwájú pátápátá ló sábà máa ń fẹ̀ jù. Ariwo ilé ìdáná àti ọmọ ọwọ́ lè wà níbẹ̀, síbẹ̀ èmi máa gbà á. Tó bá sì rọ̀ wọ́n láti dùbúlẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì lè dì ní ẹsẹ̀: kí wọ́n máa mu omi, kí wọ́n rìn díẹ̀ nígbà tí wọ́n bá jí. Kí wọ́n lọ rí dókítà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild tàbí OAUTHC kó tó ku ọ̀sẹ̀ méjì, kó sọ bóyá ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ yẹ wọ́n. Oògùn, inú báàgì ọwọ́, nínú páálí rẹ̀ tòun ti ìwé dókítà.

Onítíkẹ́ẹ̀tì Ìrójò (Iléṣà):
Ará Mọ̀dákẹ́kẹ́ wí ire. Tó bá jẹ́ pé àbúrò yín lè wá pàdé wọn ní Atlanta, Delta. Tí kò bá lè wá, Qatar, kí wọ́n sọ̀ sí Houston tààrà, kẹ́ ẹ sì gba ìlà iwájú.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá rà, ẹ tún yẹ àga wò nígbà tó bá ku wákàtí 24. Tí wọ́n bá pààrọ̀ bàálù, kọ̀ǹpútà máa ń da àga rú, a sì lè bá Màmá níbi tí ẹ ò yàn. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n ti sùn sí Ìkẹjà mọ́jú ọjọ́ náà, torí ọ̀nà Ìbàdàn sí Èkó kì í dúró de bàálù.