Oyún oṣù márùn-ún, èrìgì mi ń ṣẹ̀jẹ̀. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyàwó Ayétòrò: Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n wa ní Ẹ̀pẹ́. Oyún mi ti wọ oṣù márùn-ún. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́ta báyìí tó jẹ́ pé bí mo bá ti ki burọ́ọ̀ṣì bọ ẹnu, ẹ̀jẹ̀ ni. Èrìgì mi wú, ó pọ́n, pàápàá láàárín eyín iwájú, ṣùgbọ́n kò fi bẹ́ẹ̀ dùn mí. Ìyá ọkọ mi ní kí n pa burọ́ọ̀ṣì tì títí n ó fi bímọ. Wọ́n ní oyún ló ń jẹ eyín mi, pé bẹ́ẹ̀ ni eyín àwọn náà ṣe yọ nígbà tí wọ́n lóyún ọkọ mi. Kẹ́mísíìtì àdúgbò ní kí n lo tetracycline, oògùn apakòkòrò. Mo ti rà á, mi ò tíì lò ó.

Ìyá Ìbejì: Ìyàwó wa, kú ìnira o. Ó ṣe èmi náà. Bu iyọ̀ ìdajì ṣíbí ìpotíì sínú ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, kí o máa fi ṣan ẹnu, kí o tu ú dànù. Ara á tù ọ́.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Ẹ má fi tetracycline yẹn kan ẹnu rárá! Inú eyín ọmọ tó ń dàgbà lábẹ́ èrìgì ló ń wọ̀ lọ. Eyín ọmọ lè hù ní pípọ́n bí ìyeyè tàbí ní àwọ̀ ilẹ̀, kò sì sí burọ́ọ̀ṣì tó lè fọ̀ ọ́ kúrò.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn, ìdọ̀tí rírọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ ìdí eyín ló fà á. Họ́mọ̀nù oyún ló jẹ́ kí ìdọ̀tí tí kì bá ṣe ẹlòmíràn ní nǹkan kan mú kí èrìgì yín wú. Tí ẹ bá wá pa burọ́ọ̀ṣì tì, ìdọ̀tí yẹn á pọ̀ sí i, á le koránkorán, ẹ̀jẹ̀ á sì máa pọ̀ sí i. Ẹ ra burọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kọ soft (rírọ̀) sí lára, pẹ̀lú pésítì tó ní fluoride, èròjà tó ń dáàbò bo eyín. Ìṣẹ́jú méjì láàárọ̀, ìṣẹ́jú méjì kí ẹ tó sùn. Ẹ máa yí i jẹ́jẹ́ níbi tí eyín ti pàdé èrìgì, ẹ má gbo ó bí ẹni ń fọ ìdí ìkòkò.

Ti màmá: ọmọ inú kì í yọ nǹkan kan nínú eyín ìyá. Tí kálísíọ́mù inú oúnjẹ kò bá tó, egungun ni ara ti ń yọ ọ́.

Alàájì Ọlọ́rín: Pákò ńkọ́? Orín àtà ni a fi dàgbà, eyín mi ṣì ń fọ́ egungun ẹran.

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Alàájì, a ò bú pákò o. Ẹ kàn jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ rọ̀ dáadáa kí ẹ tó fi kan èrìgì. Ẹ̀yìn eyín iwájú ìsàlẹ̀, níbi tí ahọ́n ń kàn, ni pákò kì í sábà dé, ibẹ̀ sì ni ìdọ̀tí ti ń le jù.

Ẹlẹ́ja Olúwo: Èmi èébì ló ń dà mí láàmú, súwíìtì ni mo fi ń pa á. Ṣé kí n fọ ẹnu lẹ́yìn èébì?

Nọ́ọ̀sì Àdúgbò: Omi lásán ni kí ẹ kọ́kọ́ fi ṣan ẹnu. Kíkan èébì á ti mú ojú eyín rọ̀, ẹ dúró bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí ẹ tó fi burọ́ọ̀ṣì kàn án. Súwíìtì yẹn, ẹ dín in kù.

Ìyàwó Ayétòrò, àsìkò yìí gan-an, oṣù kẹrin sí ìkẹfà, ló rọrùn jù láti jẹ́ kí dókítà eyín bá yín fọ eyín. Ẹ mú káàdì aboyún dání. Tí ojú bá wú, tí ọyún bá ń jáde, tàbí tí eyín bá ń mì, ẹ má dúró dé ọjọ́ kankan.

Ìyá Ìbejì: Má sì bá màmá jiyàn. Mú wọn dání lọ, kí dókítà yẹ ẹnu tiwọn náà wò.

Ìyàwó Ayétòrò: Ẹ ṣé gan-an ni. Ọjọ́bọ̀ ni mo ń lọ fún ìtọ́jú aboyún, n ó béèrè níbẹ̀. Alàájì, ẹ bá mi tọ́jú orín kan de ọkọ mi, òun kì í gbọ́ ti burọ́ọ̀ṣì.