Ìtàn mi ti há, ṣé kí n lọ sinmi ni àbí kí n jókòó tì í?

Akọ̀tàn_Adó:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Ìtàn àròsọ kan ni mò ń kọ láti oṣù kẹta, alaalẹ́ ni, tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Mo kọ orí mẹ́jọ wìtìwìtì bí ẹni pé wọ́n ń pè é fún mi, àfi bí mo ṣe dé orí kẹsàn-án tó há. Ìyàwó ọ̀ṣìngín kan ló sọnù, ọjọ́ kẹta ìgbéyàwó, gbogbo ìlú ń wá a, ìyá tó bí i lọ́mọ ò wá a. Mo mọ̀ pé ìyá yẹn ò ní wá a, ìdí ẹ̀ ni mi ò mọ̀! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà rèé tí mò ń kọ gbólóhùn kan tí mò ń pa á rẹ́. Wọ́n fún mi ní líìfù ọ̀sẹ̀ kan níbi iṣẹ́, ìyàwó mi ní ká gba Ìkógòsì lọ ká lọ ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná, ká sì yà kí màmá òun ní Ẹ̀rìnjìyàn. Ẹ̀rù tó ń bà mí ni pé tí mo bá gbé e jù sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ṣé okùn ẹ̀ ò ní já mọ́ mi lọ́wọ́ pátápátá? Àbí kí n kúkú fi líìfù náà kọ ọ́ parí? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń kọ̀wé tipẹ́, kí lẹ máa ń ṣe?

Gègé_Líle:
Ọ̀gbẹ́ni jókòó kọ̀wé ẹ jàre. Èmi eré rédíò ni mò ń kọ, ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ ni, tó bá di Tọ́sìdeè tí wọ́n bá ní àwọn fẹ́ gbà á, ta ni màá sọ fún pé orí mi ò pé? Ìsinmi tèmi ò ju kí n lọ ta ayò lábẹ́ igi lẹ́bàá Ọjà Ọba, ìdajì wákàtí, mo ti dìde. Owó tó o fẹ́ ná sí Ìkógòsì yẹn, fi ra epo sí jẹnẹrétọ̀ kó o fi kọ̀wé mọ́jú.

Ìyá_Oníbírò:
Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ọmọ mi. Gègé_Líle, má bínú sí mi o, ìdajì wákàtí abẹ́ igi ayò tó ò kà sí yẹn gan-an ló ń bá ẹ kọ eré.

Akọ̀tàn, máa lọ. Ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan wà, Graham Wallas, 1926 ló kọ̀wé nípa bí èrò tuntun ṣe máa ń wá. Ó ní èèyàn á kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ lé e lórí títí, á wá gbé e jù sílẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa yọ sí i lójijì, á wá jókòó yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó jẹ́. Ti ká gbé e jù sílẹ̀ yẹn ló pè ní incubation, àwa tá a sin adìyẹ, ìsàba là ń pè é. Adìyẹ tó ń sàba, ọjọ́ 21, kò lọ kò bọ̀, oúnjẹ gan-an sáré-sáré ló ń jẹ ẹ́, tó o bá wò ó wàá ní ọ̀lẹ ni, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ń lọ lábẹ́ ẹ̀. Àmọ́ ó gbọ́dọ̀ ti yé ẹyin ná o! Èyí tí ò yé tó lọ jókòó sórí koríko, ìjókòó lásán ni. Mo mọ àwọn kan tó máa ń lọ sinmi kí ìtàn lè wá bá wọn, wọn ò tíì kọ ìlà kan, fọ́tò ni wọ́n máa ń kó bọ̀. Ìwọ ti yé mẹ́jọ, lọ sàba lé e.

Nígbà kan tí tèmi há, mo lọ bá màámi ní Ìlawẹ̀, ẹ̀gúsí la jọ ń bó. Ẹ mọ ẹ̀gúsí bíbó, ọwọ́ ò ní í dúró, ẹnu ò ní í dúró, ọkàn á kàn máa rìn kiri. Ewúrẹ́ aládùúgbò wá ń yọjú sí igbá wa, màámi wò ó, wọ́n ní "ẹ̀yí jẹun yó nílé o, ojú ló ń pa á." Háà! Ọkùnrin inú ìtàn mi nìyẹn, èmi tí mo ti ń wá bí mo ṣe máa sọ ọ́ di tálákà kó lè jalè! Mo da ẹ̀gúsí itan mi sílẹ̀, mo ń wá bírò kiri, wọ́n rò pé àkekèé ló ta mí.

Ọmọ_Olósùnta:
Ẹ ṣeun mà, ẹ ẹ́ pẹ́ fún wa. Kí n fi kékeré kún un, kò di dandan kí ìsinmi dùn kó tó ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1816, Mary Shelley, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ ọdún 18 ni nígbà yẹn, òun àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ lọ gbafẹ́ létí adágún Geneva ní Switzerland, òjò ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn (òkè oníná Tambora tó bú ní Indonéṣíà lọ́dún tó ṣáájú ló da ojú ọjọ́ rú). Inú ilé ni wọ́n há sí tí wọ́n ń ka ìtàn iwin, ni Lord Byron, akéwì kan láàárín wọn, bá ní kí kálukú kọ tiẹ̀. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bi Mary pé ṣé o ti rí tìẹ, ó ní rárá. Òru ọjọ́ kan tí oorun ò kùn ún ló rí i, ìwé ìtàn Frankenstein tó jáde ní 1818 nìyẹn. Tórí náà tí òjò bá ká ẹ mọ́ ilé àna ẹ, má fajú ro o.

Fóònù ni kó o ṣọ́ra fún. Èmi lọ Ìkógòsì níjọ́sí, ibi tí omi gbígbóná àti tútù ti pàdé, tí èèyàn á ki ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ ọ̀kan, tòsì bọ èkejì, fídíò ni mò ń ṣe fún WhatsApp, ìgbà tí mo délé ni mo rí i pé mi ò mọ bó ṣe rí lára. Pa dátà, fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀, jọ́tà kékeré tó.

Akọ̀tàn_Adó (ọjọ́ mọ́kànlá lẹ́yìn náà):
Mo ti dé o. Ọjọ́ mẹ́rin àkọ́kọ́, asán. Mo wẹ̀, mo jẹ iyán títí, mo bá bàbá ìyàwó mi tún ilé ewúrẹ́ ṣe, ọ̀rọ̀ ìyàwó ọ̀ṣìngín ò tiẹ̀ sí lọ́kàn mi mọ́, ẹ̀rù sì ń bà mí díẹ̀. Ìgbà tá à ń padà bọ̀, a dúró ra iṣu ní Àrámọkọ. Ìyá tó ń tà á ń kó o sílẹ̀ fún wa lọ́kọ̀ọ̀kan, mo wá ń wo ọwọ́ ẹ̀, iṣu kan wà níbẹ̀, ìgbàkígbà tí ìyàwó mi bá ti fọwọ́ kàn án, màmá yẹn á rọra yí i, ẹ̀gbẹ́ kan náà lá máa kọjú sílẹ̀. Kò sọ nǹkan kan o, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń bá wa yọ owó. Mo dúró síbẹ̀ bí ère. Ìyá inú ìtàn mi ti gba owó orí ọmọ yẹn lọ́wọ́ ẹlòmíì tẹ́lẹ̀! Tí wọ́n bá rí ọmọ, iṣu á yí padà, gbogbo ayé á rí ibi tó ti jẹrà. Ẹ̀yìn rìsíìtì epo ni mo kọ ọ́ sí torí mo gbàgbé jọ́tà sí Ẹ̀rìnjìyàn.

Orí kẹsàn-án ti parí, mo ti wọ ìkẹwàá. Ìyá Oníbírò, ẹ ṣeun gan-an mà. Ìyàwó mi ní kí n sọ fún yín pé àwọn ra iṣu yẹn o, torí mi ò lanu sọ̀rọ̀ tí mo ń wo ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni.

Gègé_Líle:
Ẹ jọ̀ọ́, èló ni wọ́n ń gbà láti Adó dé Àrámọkọ báyìí?