Ọmọ ọdún mélòó ni òbí lè jẹ́ kó tọ́ ọtí wò?

Ìyá Akin (Àkóbọ̀)

Mo kí gbogbo ilé o. Ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí, nítorí pé ẹnu èmi àti bàbá àwọn ọmọ mi kò kò lórí rẹ̀. Ọmọ ọdún 15 ni àkọ́bí wa ọkùnrin. Níbi ìnáwó ọjọ́ ìbí ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní Òkè-Àdó, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi náà pè é sídìí tábìlì àwọn àgbà, ó da bíà sínú ife, ó sì nà án sí i, ó ní ó ti di géńdé. Ọmọ náà wo ojú mi, ó wo ojú bàbá rẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gba ife náà, ó sì mu ún dé ìdajì. Àwọn tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́ fún un.

Ọkọ mi sọ pé kò sí ohun tó burú níbẹ̀. Ó ní bí ọmọ bá ti tọ́ ọtí wò lójú òbí rẹ̀, ojú rẹ̀ kò ní máa wà níta mọ́, àti pé àwọn tí wọn kò jẹ́ kó fẹnu kàn án nílé ni wọ́n máa ń ṣe àṣejù nígbà tí wọ́n bá wọ yunifásítì. Ó tún rán mi létí pé ọtí wà lára ohun tí a fi súre fún ọmọ náà níjọ́ tí a sọ ọ́ lórúkọ. N kò rí èsì fọ̀ fún un, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ọmọ ọdún mélòó ló yẹ kí òbí fún láyè láti tọ́ ọtí wò? Ṣé òótọ́ sì ni pé èyí tó bá tọ́ ọ wò nílé kì í di ọ̀mùtí?

Bàbá Àlàbá (Bódìjà)

Ìyá Akin, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yìn ọkọ yín ni mo wà. Mo gbé ní Jámánì fún ọdún bíi mélòó kan, òfin ibẹ̀ sì gbà kí ọmọ ọdún 16 ra bíà àti wáìnì, ó di ọdún 18 kó tó lè ra ọtí líle. Kódà ọmọ ọdún 14 lè mu bíà ní ilé oúnjẹ bí òbí rẹ̀ bá wà pẹ̀lú rẹ̀. Àwọn aládùúgbò mi níbẹ̀ máa ń da díẹ̀ fún ọmọ wọn nídìí oúnjẹ, ẹnikẹ́ni kì í sì í pàtẹ́wọ́. Mo gbà pé àtẹ́wọ́ tí wọ́n pa fún Akin kò dára, nítorí pé ó sọ ohun tí kò tó nǹkan di oyè.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń fi ọtí dẹ́rù ba ọmọ nígbà tó jẹ́ pé ìdí àwọn tó ń ta páráàgà ló ń gbà kọjá lọ sílé ìwé lójoojúmọ́, ẹ̀rù náà kò ní pẹ́ kúrò lára rẹ̀. Ọdún 16, nínú ilé, lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, bíà nìkan, lẹ́yìn tó bá ti jẹun: ohun tí mo ṣe fún àwọn tèmi nìyẹn, kò sì sí ọ̀mùtí kan nínú wọn.

Nọ́ọ̀sì Mọ́kọ́lá

Ẹ kú ọ̀rọ̀ ọmọ o. Ìbéèrè kejì tí Ìyá Akin béèrè ni n ó kọ́kọ́ dáhùn, nítorí pé orí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ọkọ wọn dúró lé. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ìgbàgbọ́ yẹn wò. Ní Ọsirélíà, wọ́n tẹ̀lé àwọn ọ̀dọ́ tó lé ní 1,900 pẹ̀lú òbí wọn fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2018. Wọn kò rí àǹfààní kankan nínú kí òbí máa fún ọmọ lọ́tí. Àwọn ọmọ tí òbí ń fún ló tún máa ń rí i gbà lọ́wọ́ ẹlòmíràn nígbà tí ọdún bá yí po, ju àwọn tí òbí kò fún lọ. Ìyẹn ni pé ife tí wọ́n fún un nílé kò dí ọ̀nà ìta mọ́ ọn. Ńṣe ló tún là á fún un.

Ìwádìí mìíràn tó jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1997 fi hàn pé nínú 100 àwọn tó bẹ̀rẹ̀ ọtí mímu kí wọ́n tó pé ọdún 15, àwọn tí ọtí di bárakú fún ní ìgbà kan láyé wọn lé ní 40, nígbà tó jẹ́ pé nínú 100 àwọn tí kò bẹ̀rẹ̀ títí wọ́n fi pé ogún ọdún, nǹkan bí 10 ni. N kò sọ pé ife bíà kan ló ń fa ìyàtọ̀ yìí, nítorí pé ọmọ tí wàhálà ti wà nílé rẹ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń tètè bẹ̀rẹ̀, àwọn yẹn náà sì wà nínú ìṣirò ọ̀hún. Síbẹ̀, òbí tó bá ti mọ èyí kò tún yẹ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìbẹ̀rẹ̀ náà sún mọ́ ọmọ.

Ẹ tún wo ara ọmọ fúnra rẹ̀. Ọpọlọ ènìyàn kì í dàgbà tán títí dé nǹkan bí ọdún 25, apá iwájú rẹ̀, tí a fi ń kó ara wa níjàánu, ló sì ń dàgbà kẹ́yìn. Ní ti àwọn ọmọ kéékèèké, ọ̀rọ̀ náà le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ọtí lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn já wálẹ̀ débi tí wọ́n á fi dákú tàbí kí gìrì gbé wọn. Mo ń sọ èyí nítorí àwọn tó ń fún ọmọ ọdún mẹ́ta ní ẹmu, tí wọ́n ń sọ pé omi ọ̀pẹ lásán ni. Ẹmu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sọ̀ kalẹ̀ láàárọ̀ máa ń dùn, ọtí inú rẹ̀ kì í sì í pọ̀, ṣùgbọ́n ìwúkàrà inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láti inú akèrègbè lórí igi. Ìfófòó funfun tí ẹ ń rí lójú rẹ̀ ni àmì iṣẹ́ náà. Títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, adùn á ti lọ, ẹmu á ti kan, ọtí inú rẹ̀ á sì ti sún mọ́ ti bíà. Bí ó bá jẹ́ ohun tó dùn, tó sì ń hó lẹ fẹ́ fún ọmọ lóde ìnáwó, ẹ fún un ní máàtì.

Bàbá Àlàbá, mo bọ̀wọ̀ fún yín sà, ṣùgbọ́n pé òfin Jámánì fàyè gbà á kò sọ ara ọmọ wọn di òmíràn. Ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n máa ń fún ọmọ ní wáìnì nílé ìwé nígbà kan rí. Ọdún 1956 ni ìjọba wọn fòpin sí i fún àwọn tí kò tíì pé ọdún 14, ó sì di ọdún 1981 kí wọ́n tó gbé e kúrò nílé ìwé pátápátá. Ní ọdún 2009, dókítà àgbà fún ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba àwọn òbí níyànjú pé ohun tó dára jù lọ ni kí ọmọ má mu ọtí rárá nígbà èwe, àti pé bó bá tilẹ̀ máa mu, kò gbọdọ̀ jẹ́ kó tó pé ọdún 15. Ní oṣù kìíní ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kò sí ìwọ̀n ọtí kankan tí kò ní ewu fún ìlera. Ìdáhùn mi sí ìbéèrè àkọ́kọ́ ni ọdún 18, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára ìgò bíà níhìn-ín. N kò sì sọ pé ọjọ́ tó bá pé ọdún 18 ni kí ẹ ra tirẹ̀ fún un.

Tíṣà Agbówó

Ilé ìwé girama ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ohun tí ó sì ń bà mí lẹ́rù ju bíà lọ ni ọtí inú ọ̀rá. Ó kéré débi pé ọmọ lè fi í sínú ìbọ̀sẹ̀ wọ kíláàsì, bẹ́ẹ̀ ni agbára rẹ̀ máa ń tó ìdá 40 nínú 100, nígbà tí bíà kì í sábà ju nǹkan bí ìdá 5 lọ. Ní oṣù kejì ọdún 2024, àjọ NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú àwọn tó ń ṣe é, ṣùgbọ́n wọ́n tún sún ọ̀rọ̀ náà síwájú lẹ́yìn tí àwọn ilé iṣẹ́ ké gbàjarè. Ọmọ tí wọ́n ti pàtẹ́wọ́ fún nítorí ife bíà kò ní rí ìdí tí ọ̀rá kékeré yìí fi yàtọ̀. Mo tún bẹ àwọn òbí pé kí wọ́n dẹ́kun rírán ọmọ lọ ra bíà wálé, nítorí pé ibẹ̀ ni ó ti ń kọ́ ẹni tó ń tà á, iye tó ń tà á, àti pé ẹnikẹ́ni kò ní bi í léèrè ọjọ́ orí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fi kún un lórí ìsọmọlórúkọ, nítorí pé mo máa ń gbọ́ àwíjàre yẹn, ó sì máa ń dùn mí. Àdúrà ni a fi ọtí gbà níbẹ̀: ọtí kì í tí, ọmọ yìí kò ní tí. Orí omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó àti ataare náà ni a ti ń gba àdúrà, kò sì sí ẹni tó sọ pé nítorí pé a fi ataare súre fún ọmọ, kí a wá máa bu ata fún un jẹ. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé Mùsùlùmí ní Ìbàdàn, wọn kì í gbé ọtí síbẹ̀ rárá, àdúrà wọn sì ń gbà. Bí a bá sì fẹ́ tẹ̀ lé àṣà, ọmọdé ló ń gbọ́tí fún àwọn àgbà: òun ló ń gbé akèrègbè, òun ló ń kúnlẹ̀ gbé igbá fún wọn, yóò sì dúró tì wọ́n títí wọn yóò fi mu tán, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni retí pé kó mu nínú rẹ̀. Àṣà yẹn ti sọ tirẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ìyá Akin (Àkóbọ̀)

Ẹ ṣé gan-an ni. Mo ti ka gbogbo rẹ̀ sétí ọkọ mi, ó sì dákẹ́ nígbà tí mo dé orí ti Ọsirélíà. Ó ní òun ṣì fara mọ́ ti Bàbá Àlàbá, ṣùgbọ́n òun gbà pé kí a fi í sílẹ̀ ná. Ohun tó wá kù ni èyí: ìyàwó ilé ni mí, ta ni yóò sọ fún ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pé kó má tún fún ọmọ mi lọ́tí? Akin fúnra rẹ̀ sọ fún mi pé òun kò fẹ́ mu ún, pé ó korò lẹ́nu òun, ṣùgbọ́n òun kò mọ bí òun ṣe lè kọ ohun tí àgbà nà sí òun láìjẹ́ pé wọ́n máa ní òun kò ní ẹ̀kọ́.

Ìyá Àgbà (Bẹẹrẹ)

Ìyàwó wa, ìbéèrè yìí gan-an ló ṣe pàtàkì jù nínú gbogbo ohun tí ẹ ti béèrè, nítorí pé kò sí ọjọ́ orí tí ẹ̀yin méjèèjì lè fẹnu kò sí tó máa wúlò bí ẹbí bá ń fún ọmọ lẹ́yìn yín. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa sọ ọ́. Ọkọ yín ni yóò lọ bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nílé, ní ọjọ́ tí kò sí ìnáwó, tí kò sí àlejò, kó sì dọ̀bálẹ̀ kó tó la ẹnu. Kó dúpẹ́ ìfẹ́ tí wọ́n ní sí ọmọ, kó sì sọ pé òun àti ìyàwó òun ti pinnu pé ó di ìgbà tó bá pé ọdún 18, àti pé òun fẹ́ kí bàbá náà bá òun dúró tì í. Bí ẹ bá mọ̀ pé etí bàbá náà le, ẹ kọ́kọ́ sọ fún àgbà obìnrin kan nínú agboolé wọn, tàbí fún Mọ́gàjí, kí wọ́n bá yín dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ kí ọkọ yín tó lọ. Ohun tí kò dára ni kí a máa bá àgbà jiyàn níwájú àwọn tó ń pàtẹ́wọ́.

Ní ti Akin, kò sí ìdí tó fi gbọ́dọ̀ kọ̀. A ti kọ́ àwọn ọmọ wa pé ohunkóhun tí ẹlòmíràn bá fún wọn, ọ̀dọ̀ òbí ni kí wọ́n kọ́kọ́ gbé e lọ kí wọ́n tó fẹnu kàn án. Kó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kó dọ̀bálẹ̀, kó ní, “Ẹ ṣé sà, ẹ ó pẹ́ fún wa,” kó sì gbé ife náà tọ bàbá rẹ̀ lọ. Ẹnikẹ́ni kò lè pe ìyẹn ní àìlẹ́kọ̀ọ́. Iṣẹ́ tó kù di ti ọkọ yín, ibẹ̀ sì ni kí ẹ ti bá a sọ ọ́ dáadáa ṣáájú ìnáwó tó ń bọ̀: bí ọmọ bá gbé ife náà dé iwájú rẹ̀, kó gbà á, kó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀, kó má sì wẹ̀yìn wo àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bóyá wọ́n ń rẹ́rìn-ín.