Nígbà tí wọ́n kọ ẹrù tí a gbé: ìrírí àwa awakọ̀ tírélà pẹ̀lú àwọn alágbàtà ẹrù ní Amẹ́ríkà

Láti Houston, Texas

Ẹ kú ewu ọ̀nà o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń wa tírélà ní ilẹ̀ yìí, mo sì ti fi mẹ́fà nínú rẹ̀ dá ṣiṣẹ́ pẹ̀lú ọkọ̀ tèmi àti nọ́ńbà àṣẹ tí ìjọba fún èmi fúnra mi láti máa gbé ẹrù, ṣùgbọ́n kò sí ẹrù tó kọ́ mi lọ́gbọ́n bí ẹrù létúùsì kan tí mo gbé láti Yuma ní Arizona lọ sí ọjà Hunts Point ní Bronx, ní oṣù Kìíní ọdún 2022. Ẹni tó bá mọ Yuma yóò mọ̀ pé nígbà òtútù, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ jù lọ ewé tí wọ́n ń jẹ ní tútù ní orílẹ̀-èdè yìí ti ń wá, tí àwọn tírélà onífíríìjì a sì tò bí eèrà níwájú àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Alágbàtà tó fún mi ní iṣẹ́ náà, ìyẹn ẹni tó ń wà láàárín ẹni tó ni ẹrù àti awakọ̀, kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé dọ́là 7,400 ni owó mi, àti pé kí n fi fíríìjì sí ìwọ̀n 34 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, kí ó máa ṣiṣẹ́ láìdáwọ́dúró títí n ó fi dé.

Nígbà tí wọ́n ń di ẹrù náà, mo ti tẹmómítà bọ inú páálí mẹ́ta, ohun tí mo sì rí ni 43 àti 44. Mo pe ọ̀gá tó ń darí àwọn adẹrù, ó ní kí n má dààmú, pé yóò tutù lójú ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ síbí, nítorí ibí gan-an ni ọ̀pọ̀ wa ti ń kó sí gbèsè. Wọn kò ṣe fíríìjì tírélà láti fa ooru kúrò nínú ẹrù tó gbóná. Wọ́n ṣe é kí ẹrù tó ti tutù tẹ́lẹ̀ lè wà bó ṣe wà. Afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹ̀rọ náà jáde lè wà ní 34 fún ọjọ́ mẹ́rin gbáko, kí àárín páálí sì ṣì gbóná, pàápàá tí wọ́n bá tò wọ́n gádígádí tí afẹ́fẹ́ kò rí àyè gbà kọjá. Nítorí náà ni mo ṣe kọ ọ́ sórí ìwé ẹrù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí mo fọwọ́ sí, pé ẹrù yìí wà ní 44 nígbà tí wọ́n ń dì í, mo sì ya àwòrán ìwé náà àti ti tẹmómítà nínú páálí. Inú ọ̀gá náà kò dùn, ṣùgbọ́n ó fọwọ́ sí i.

Aago mẹ́ta òru ọjọ́ karùn-ún ni mo dé Hunts Point. Wọ́n já pálẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, ìyẹn pákó tí wọ́n ń to páálí lé, wọ́n sì dá wọn padà sínú ọkọ̀. Ẹni tó ń gba ẹrù kọ ọ́ sórí ìwé pé ẹrù gbóná, kò kọ iye ìwọ̀n kankan, ó ní kí n kúrò lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo pe alágbàtà. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ohùn rẹ̀ ti yí padà: ó ní owó ẹrù náà tó dọ́là 21,000, pé ọrùn mi ló wà, pé kí n lọ dà á sí ààtàn, àti pé òun ti dá owó ẹrù méjì mìíràn dúró, dọ́là 4,300, èyí tí mo ti gbé débi tó ń lọ fún un láìsí wàhálà kankan. Ẹrù méjì yẹn ló dùn mí jù. Alágbàtà tí a mọ̀ lọ́jà nílé a máa fọwọ́ kan ọjà, a máa mọ èyí tó ń rọ̀ àti èyí tó ṣì le. Èyí tí à ń bá ṣe níhìn-ín kò fojú kan létúùsì náà rí, síbẹ̀ òun ló kọ́kọ́ dá ẹjọ́.

N kò da ẹrù náà nù, nítorí ẹrù tí a bá ti dà nù kò lè jẹ́rìí fún ẹnikẹ́ni mọ́. Mo kọ ímeèlì sí alágbàtà, mo sì fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ tó ni ẹrù, pé ẹrù wà lọ́wọ́ mi, fíríìjì ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n fi àkọsílẹ̀ sọ ohun tí wọ́n fẹ́ kí n fi ṣe. Mo ránṣẹ́ pe àwọn olùyẹ̀wò ilé-iṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba àpapọ̀, tí ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ bá wà nínú ọ̀rọ̀ lè pè tí ó bá san owó iṣẹ́ wọn. Lẹ́yìn náà mo fa àkọsílẹ̀ otútù jáde láti inú fíríìjì. Ó hàn nínú rẹ̀ pé ní ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, afẹ́fẹ́ tó ń ti ẹ̀rọ jáde wà ní 34 ṣùgbọ́n èyí tó ń padà sínú rẹ̀ lé ní 40, èyí tó túmọ̀ sí pé ooru ń ti inú ẹrù fúnra rẹ̀ wá. Ìwé olùyẹ̀wò sì fi hàn pé èyí tó pọ̀ jù nínú ẹrù náà ṣì ṣeé tà. Pẹ̀lú àṣẹ ẹni tó ni ín, oníṣòwò mìíràn nínú ọjà kan náà rà á ní dọ́là 13,500.

Síbẹ̀, oṣù mẹ́rin ni mo fi ń lépa owó mi. Òfin tí wọ́n ń pè ní Carmack kò ṣe ojúsàájú fún wa: tí ẹrù bá bàjẹ́ lọ́wọ́ wa, àwa la ó san iye tó bàjẹ́ ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n tí a bá lè fi hàn pé a kò ṣe àìbìkítà, àti pé ọwọ́ ẹni tó fi ẹrù ránṣẹ́ ni àbùkù ti wá, ẹ̀bi kúrò lọ́rùn wa. Ẹni tó ń béèrè owó ìbàjẹ́ gbọ́dọ̀ kọ̀wé, kí ó sọ iye tó ń béèrè. Àwa náà ní ọjọ́ 30 láti jẹ́wọ́ pé a rí ìwé rẹ̀ gbà àti ọjọ́ 120 láti san án, láti kọ̀ ọ́, tàbí láti dá iye kan lé e. Alágbàtà mi kò kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀ rí. Fóònù ló fi dá mi lẹ́bi. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2013 ni òfin ti ní kí gbogbo alágbàtà ní owó onídùúró dọ́là 75,000, èyí tí awakọ̀ tí alágbàtà kò sanwó fún lè béèrè owó rẹ̀ nínú rẹ̀, dọ́là 10,000 péré sì ni tẹ́lẹ̀. Ọjọ́ tí mo kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ tó dúró fún un lórí owó yẹn ni alágbàtà náà tó fi ohùn jẹ́jẹ́ pè mí. Ó san dọ́là 4,300 pé pérépéré, ó sì san 6,000 nínú 7,400. Mo gbà á, nítorí owó ọkọ̀ ti fún mi lọ́rùn, ṣùgbọ́n dọ́là 1,400 tí mo fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò tọ́ sí ṣì ń dùn mí títí di òní.

Láti Atlanta, Georgia

Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n wa ti Houston, ẹ sì kú ìrọ́jú. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀ já sí rere. Èmi àti ọkọ mi la jọ ń wa ọkọ̀ wa. Ní oṣù kẹrìnlá sẹ́yìn, a gbé adìyẹ dídì láti Gainesville ní Georgia, ìlú tí gbogbo ènìyàn mọ̀ mọ́ iṣẹ́ adìyẹ, lọ sí ilé ìkẹ́rùsí kan ní tòsí Dallas, dọ́là 2,350. Nígbà tí a dé Mississippi, àwọn agbófinró òpópónà dá wa dúró fún àyẹ̀wò, wọ́n gé èdìdì tó wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, wọ́n wo inú ọkọ̀, wọ́n fi èdìdì mìíràn sí i, wọ́n sì ní ká máa lọ. Ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n fún wa kò dárúkọ èdìdì rárá. Òru ni, ó ti rẹ̀ wá, a kò sì bẹ ọ̀gá náà pé kó kọ nọ́ńbà èdìdì tuntun sórí ìwé ẹrù kó fọwọ́ sí i. Gbólóhùn kan yẹn, tí kì bá gbà ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ni a fi pàdánù ohun gbogbo.

Ní Dallas, wọ́n wo nọ́ńbà èdìdì, wọ́n rí i pé kò bá ti ìwé mu, wọ́n sì kọ ẹrù náà láìṣí ilẹ̀kùn. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n kàn ṣí i wò, kí wọ́n ka páálí, kí wọ́n wọn otútù rẹ̀. Wọ́n ní ìlànà àwọn kò gbà á. Láti ìgbà tí òfin ìmọ́tótó lórí gbígbé oúnjẹ ti jáde ní ọdún 2016 ni àwọn ilé ìkẹ́rùsí ti ń ṣọ́ra gidigidi, n kò sì bá wọn jà lórí ìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òfin náà kò sọ pé èdìdì tó já nìkan ti sọ oúnjẹ di ohun ìdànù. Ìwé àdéhùn alágbàtà ló sọ bẹ́ẹ̀. Ó wà ní ojú ewé kẹfà, pé tí èdìdì bá já tàbí tí nọ́ńbà rẹ̀ bá yàtọ̀, gbogbo ẹrù ti di òfò. Èmi ni mo fọwọ́ sí i, n kò sì kà á dé ibẹ̀.

Alágbàtà ní ká gbé ẹrù lọ sí ilé ìkẹ́rùsí mìíràn, a gbé e lọ, wọ́n já a, láti ọjọ́ náà kò sì sí ẹni tó sọ fún wa bóyá wọ́n tà á tàbí wọ́n dà á nù. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì ni wọ́n béèrè dọ́là 38,000. Ilé-iṣẹ́ adójútòfò wa ní àwọn kò lè san án, nítorí pé ìbàjẹ́ ẹrù ni àwọn dúró fún, kò sì sí ẹni tó fi hàn pé ohunkóhun ṣe adìyẹ náà. Ẹ wò ó: alágbàtà ní adìyẹ ti bàjẹ́ nítorí èdìdì, adójútòfò ní kò bàjẹ́ nítorí kò sí ẹ̀rí, àwa sì wà láàárín wọn. Ilé-iṣẹ́ factoring tó ti san owó ẹrù náà fún wa ṣáájú yọ ọ́ padà nínú owó ẹrù tó tẹ̀lé e. Títí di òní, alágbàtà náà kò pè wá lẹ́jọ́ lórí 38,000, kò sì san 2,350. Ọkọ mi ní ká gbàgbé rẹ̀.

Láti Baltimore, Maryland

Ẹ̀yin àǹtí wa ti Atlanta, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Tèmi kúrú. Ohun mímu inú agolo ni mo gbé, pálẹ́ẹ̀tì 22, méjì nínú wọn sì fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí n tó dé. Ilé ìkẹ́rùsí kọ gbogbo rẹ̀ nítorí méjì. Alágbàtà ní òun kò ní san kọ́bọ̀, pé oníbàárà òun ti yọ gbogbo owó náà.

Nígbà tí mo ń gba iṣẹ́ náà, mo ti fa ìlà pa gbólóhùn kan nínú ìwé àdéhùn rẹ̀, mo sì rọ ẹ̀yin náà pé kí ẹ máa wá a: èyí tó ní awakọ̀ fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ sílẹ̀ láti wo àkọsílẹ̀ ìṣòwò náà. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní kí alágbàtà pa àkọsílẹ̀ ẹrù kọ̀ọ̀kan mọ́ fún ọdún mẹ́ta, kí ẹnikẹ́ni tó bá wà nínú ìṣòwò náà sì lè yẹ̀ ẹ́ wò, àti iye tí oníbàárà san pàápàá. Àìsí irú ìmọ́lẹ̀ yìí wà lára ohun tó gbé àwọn awakọ̀ lọ tò sí Constitution Avenue ní Washington ní oṣù Karùn-ún ọdún 2020; èmi náà wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kọ̀wé béèrè kí alágbàtà náà tó fi í ránṣẹ́. Ohun tí mo bá nínú rẹ̀ ni pé oníbàárà ti san dọ́là 3,100 fún un, ó sì yọ 640 péré fún àwọn agolo tó fọ́. Mo san 640 náà láìjiyàn, nítorí èmi ni n kò so ẹrù dáadáa. Owó mi yòókù wọlé lọ́jọ́ kẹsàn-án.

Láti Houston, Texas

Àbúrò mi ti Atlanta, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì gbàgbé rẹ̀. Oṣù 18 ni òfin fún ẹni tó gbé ẹrù láti pe ẹjọ́ lórí owó iṣẹ́ rẹ̀, a sì máa ń kà á láti ọjọ́ tí ó gbé ẹrù náà dé iwájú ẹni tó yẹ kó gbà á, yálà ó gbà á tàbí ó kọ̀ ọ́. Tí ó bá jẹ́ oṣù 14 ló ti kọjá, mẹ́rin ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ̀wé béèrè àkọsílẹ̀ ìṣòwò náà bí arákùnrin wa ti Baltimore ti ṣe, ẹ wò ó bóyá ẹ̀tọ́ náà kò sí lára ohun tí ẹ fi sílẹ̀ ní ojú ewé kẹfà yẹn. Ẹ béèrè ibi tí adìyẹ náà lọ àti iye tí wọ́n rí lórí rẹ̀, nítorí tí wọ́n bá ti tà á, 38,000 tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ kò lè jẹ́ 38,000 mọ́. Kí ẹ sì kó gbogbo rẹ̀ lọ bá agbẹjọ́rò tó mọ òfin ìrìnnà ẹrù kí oṣù yìí tó parí.

Láti Atlanta, Georgia

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀gbọ́n. N kò mọ̀ pé ọjọ́ ṣì wà. Ìwé àyẹ̀wò ti Mississippi wà nínú àpò ilẹ̀kùn ọkọ̀, ìwé ẹrù tí wọ́n kọ nǹkan sí ní Dallas sì wà nílé. Ọkọ mi yóò ti Savannah dé lọ́la. A ó jọ jókòó kọ lẹ́tà náà lálẹ́.