Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ìkọ́ wo ni kí n fi pààrọ̀ ti rélùwéè kékeré mi?

Tísà Ìmọ̀ (Iléṣà)

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì ni ọmọ mi tó wà ní Houston kó páálí rélùwéè ìṣeré kan ránṣẹ́ sí mi. Ìwọ̀n HO ni gbogbo rẹ̀, ìyẹn 1:87, ìdá kan nínú mẹ́tàdínláàádọ́rùn-ún ti rélùwéè gidi. Wágọ́nù ẹrù mẹ́jọ jẹ́ ti Athearn àtijọ́, èyí tí wọ́n máa ń tà nínú páálí aláwọ̀ búlúù. Ẹ́ńjìnnì méjì tó bá wọn wá, Athearn náà ni. Wágọ́nù Bachmann méjì tún wà níbẹ̀ tó jọ pé wọn kò tíì pẹ́.

Ìkọ́ tó so wọ́n pọ̀ ló ń yọ mí lẹ́nu. Ti Athearn jẹ́ ike pẹlẹbẹ tó yọ ìwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fà wọ́n, kò sí ìjà. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní kó fẹ̀yìn tì wọ́n wọ ojú irin ẹ̀gbẹ́, bí wọ́n ṣe ń dé ibi tí irin ti tẹ̀ báyìí, ọ̀kan á fò jáde, á sì wọ́ àwọn yòókù dání. Ti Bachmann kò sì bá wọn mu rárá, orí tiẹ̀ ká kò bí ìka ọwọ́.

Irú èwo ni kí n ní kí ọmọ náà rà? Ṣé ọwọ́ ara mi lè ṣe é pẹ̀lú irinṣẹ́ tó wà nítòsí? Àbí dandan ni kí n pààrọ̀ gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà?

Oníṣẹ́ Àago (Lágeére, Ifẹ̀)

Bàbá, ẹ kú ìgbádùn ìfẹ̀yìntì o. Ẹ má dá ojú irin yín lẹ́bi. Ìkọ́ oníwo yẹn, X2F ni wọ́n ń pè é, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń tì sí. Bí ẹ bá fà á, ìwo méjèèjì á há mọ́ra. Bí ẹ bá tì í, ojú wọn tó dagun á máa yọ̀ lórí ara wọn, díẹ̀ nínú agbára tó yẹ kó lọ síwájú á gba ẹ̀gbẹ́ lọ. Wágọ́nù tó fúyẹ́ kò lè fara da ìyẹn níbi tí irin ti tẹ̀.

Kadee ni kí ọmọ yín rà. Ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà ni wọ́n, ní ìpínlẹ̀ Oregon, irin sì ni ìkọ́ wọn. Wọ́n ṣe orí rẹ̀ bí irú èyí tí Eli Janney forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà ní 1873 pé òun ló hùmọ̀ ọ, tí rélùwéè ńlá wọn ṣì ń lo ẹ̀yà rẹ̀ títí di òní. Títì ni o, fífà ni o, ọ̀nà tààrà ló ń gbà.

Nọ́ńbà méjì ni kí ẹ fi sọ́kàn, 5 àti 148. Orí kan náà ni wọ́n ní, ìdí wọn ló yàtọ̀. Nọ́ńbà 5 ní abala idẹ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ẹ máa tẹ́ sínú àpótí ìkọ́ kí ẹ tó gbé ìkọ́ lé e. Apá méjì abala náà ló ń dá ìkọ́ padà sáàárín bó bá yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ní ti 148, irun irin méjì ti wà lára ìdí rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn, ẹ kàn máa jù ú sínú àpótí ni. Àwọn méjèèjì ló ń wọ àpótí Athearn àtijọ́ láìgbẹ́ ohunkóhun. Bí ọwọ́ yín bá ti ń gbọ̀n díẹ̀, ẹ má bá 5 jà, ẹ mú 148. Mẹ́rin ló wà nínú pákẹ́ẹ̀tì kan, ìyẹn wágọ́nù méjì.

Ní ti pé ṣé ẹ̀ẹ̀kan náà ni: rárá o. Ẹ mú wágọ́nù kan, ẹ fi Kadee sí iwájú rẹ̀, ẹ fi oníwo sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, kó máa ṣe alárinà láàárín àwọn tí ẹ ti ṣe àti àwọn tó kù.

Òṣómàáló

Ẹ̀yin ará Ifẹ̀ àti owó olówó! Wágọ́nù mẹ́jọ, ẹ́ńjìnnì méjì, ogún ìkọ́ nìyẹn, pákẹ́ẹ̀tì márùn-ún, kí á tó sọ̀rọ̀ owó ìfiránṣẹ́. Tísà, ti Bachmann yín tó ká kò yẹn, E-Z Mate ni, ó ń bá Kadee so láìsí wàhálà. McHenry ń bá a so. Accumate ń bá a so. Oníke ni gbogbo wọn, owó wọn kò sì gunlé. Ẹ fi ti Bachmann sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ ra oníke fún ìyókù. Eré ni à ń ṣe, a kò kó kòkó lọ sí Èbúté Mẹ́ta.

Àjọkẹ́ Mẹkáníìkà (OAU)

Ẹ ǹlẹ́ sà. Ọ̀gá Òṣómàáló, mo gbọ́ yín, ṣùgbọ́n nínú ọ̀pọ̀ oníke, ike náà ni sípíríǹgì rẹ̀. Tó bá pẹ́ tó ti wà ní títẹ̀, ó máa ń gbàgbé láti padà. Orí á bẹ̀rẹ̀ sí í wólẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìka á ṣí sílẹ̀ nígbà tí ẹnikẹ́ni ò ní kó ṣí. Ooru abẹ́ páànù kì í sì í bá ike ṣọ̀rẹ́.

Tí owó bá jẹ́ ìṣòro, ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí iṣẹ́ pọ̀ sí. Ìkọ́ tó wà lẹ́yìn ẹ́ńjìnnì ló ń fa gbogbo wágọ́nù lápapọ̀. Èyí tó ṣáájú wágọ́nù ìkẹyìn, ẹyọ kan péré ló ń fà. Nítorí náà, ẹ fi onírin sí ẹ́ńjìnnì àti àwọn wágọ́nù iwájú, oníke lè wà ní ìrù.

Àmọ́ ẹ fetí sí èyí, sà, torí mi ò tíì rí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Lára ẹ́ńjìnnì Athearn àtijọ́, irin ìdí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni iná ń gbà kọjá láti ojú irin ẹ̀gbẹ́ kan. Àpótí ìkọ́ sì wà lára irin yẹn. Tí ẹ bá so ẹ́ńjìnnì méjèèjì pọ̀ tí wọ́n kọjú sí ibì kan náà, kò sóhun tó máa ṣe. Tí ọ̀kan bá kọjú síwájú tí ìkejì kọ ẹ̀yìn sí i, irin ìdí ọ̀kan ń gba iná láti ọ̀tún, ti ìkejì láti òsì, ìkọ́ onírin méjì á wá fẹnu kanra. Iná á pàdé nìyẹn. Ibi tí ẹ́ńjìnnì méjèèjì ti pàdé yẹn ni kí ẹ fi ìkọ́ oníke sí, kódà ẹyọ kan lára méjèèjì tó. Kadee pàápàá ti ṣe oníke rí nítorí irú ọ̀ràn yìí.

Òṣómàáló

Ẹ rí i! Oníke náà ló máa gbà yín.

Mọdákẹ́kẹ́ HO

Ẹ ti sọ̀rọ̀ irú ìkọ́ tán, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ gíga rẹ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. NMRA, ẹgbẹ́ àwọn oní-rélùwéè kékeré ní Amẹ́ríkà tó ti wà láti 1935, ní òṣùwọ̀n fún un: láti orí irin dé àárín orí ìkọ́ jẹ́ 25/64 íǹṣì, ó fi díẹ̀ dín ní mìlímítà mẹ́wàá. Bí ọ̀kan bá ga tí ìkejì sì rẹlẹ̀, ibi tí ojú irin bá ti wú díẹ̀ ni wọ́n ti máa já ara wọn sílẹ̀, ẹ ó sì máa rò pé ìkọ́ náà ni kò dára.

Ẹ má fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ẹ jẹ́ kí ọmọ fi Kadee nọ́ńbà 205 kún un, ìwọ̀n onírin kékeré ni. Ẹ gbé e lé ojú irin, ẹ rọra ti wágọ́nù lọ bá a, kí ẹ fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ wò ó bóyá orí méjèèjì dọ́gba. Bí ti wágọ́nù bá rẹlẹ̀, ẹ tú ẹsẹ̀ rẹ̀, kí ẹ fi wọ́ṣà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ẹsẹ̀ àti ìdí wágọ́nù. Kadee ń ta wọ́ṣà náà, ó wà ní 0.010 íǹṣì, ó wà ní 0.015. Wọ́ṣà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbìyànjú. Mo ti rí ẹni tó ń tẹ ọrùn ìkọ́ pẹ̀lú pùláyà kó lè ga sókè, ìwà ìkà ni.

Ohun tí pùláyà wà fún ni waya tó tẹ̀ wọlẹ̀ lábẹ́ orí ìkọ́. Bí ó bá gùn jù, á máa kọ́ ibi tí ojú irin ti pínyà. Ẹ gbé e sókè díẹ̀, kó kọjá láìkan ohunkóhun. Mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ń tẹ́ sáàárín irin ló ń bá waya yẹn ṣiṣẹ́, tí ìkọ́ fi ń tú ara rẹ̀.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn òróró, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kán an sínú àpótí ìkọ́. Lọ́jọ́ ọyẹ́, eruku pupa Iléṣà á bá òróró pò, á di amọ̀. Lẹ́ẹ̀dì inú pẹ́ńsù (gíráfáìtì) tí wọ́n lọ̀ kúnná ni kí ẹ lò, gbígbẹ.

Tísà Ìmọ̀ (Iléṣà)

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Àjọkẹ́ ọmọ mi, èyí tí o sọ nípa iná yẹn, ó yé mi yékéyéké, Ọlọ́run á jẹ́ kí o jáde láyọ̀. Ìbéèrè kù. Irin pẹlẹbẹ tó bo àpótí ìkọ́ Athearn, ó ti ń yọ dànù lára wágọ́nù mẹ́ta. Mo kà pé sukúrù 2-56 ni wọ́n fi ń dè é mọ́lẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Níbo la ti fẹ́ rí ìyẹn ní Atákúmọ́sà? Àti mágínẹ́ẹ̀tì, ṣé dandan ni?

Ọ̀rẹ́ mi kan ní Leeds tún fẹ́ fi wágọ́nù kan tó jẹ́ ìwọ̀n OO ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́. Ṣé òun náà máa bá wọn lọ?

Oníṣẹ́ Àago (Lágeére, Ifẹ̀)

Ẹ gbàgbé 2-56. Sukúrù M2 ni kí ẹ lò, èyí tó wà nínú láptọ́ọ̀pù tó ti kú. Àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní ike kan tó kún fún un. M2 fi díẹ̀ tín-ín-rín ju 2-56 lọ, nítorí náà ihò tó bá gba ti Amẹ́ríkà máa gbà á. Ẹ lu àárín òpó kékeré inú àpótí pẹ̀lú dírìlì 1.6 mìlímítà, ọwọ́ ni kí ẹ fi yí i, ẹ má fi iná, torí ike máa ń yọ́. Tí sukúrù bá wọlé, ẹ fi ìka ti ìkọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí ẹ fi sílẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ padà sáàárín fúnra rẹ̀. Bí kò bá padà, ẹ ti dè é le jù, ẹ tú u díẹ̀.

Sípíríǹgì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka orí ìkọ́, kò ju kóró ìrẹsì lọ. Ó máa ń ta, bó bá sì ta, ó di àwátì. Bí ẹ bá fẹ́ dá a padà, inú ọ̀rá búrẹ́dì tó mọ́ gaara ni kí ẹ kó ọwọ́ àti ìkọ́ sí. Ẹ fi ṣóńṣó bíléèdì sáàárín ìká sípíríǹgì, ẹ fi ẹnu kan kọ́ ibi ìkọ́ rẹ̀, kí ẹ wá tẹ ìkejì wọlé. Tó bá ta, inú ọ̀rá náà ló máa já sí.

Ẹ fi owó mágínẹ́ẹ̀tì ra nǹkan míì. Igi súyà tí ẹ gbẹ́ ẹnu rẹ̀ pẹlẹbẹ, ẹ fi sáàárín ìka méjèèjì láti òkè, ẹ yí i díẹ̀, wọ́n á tú. Mágínẹ́ẹ̀tì pàápàá máa ń fa wágọ́nù tí igi táyà rẹ̀ bá jẹ́ irin.

Rélùwéè1067 (Òṣogbo)

Ní ti OO, Bàbá, ojú irin kan náà ni, mìlímítà 16.5. 1:76 ni ara wágọ́nù, tiyín jẹ́ 1:87, á kàn tóbi díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ẹ bi ọ̀rẹ́ yín bóyá àpò ìkọ́ rẹ̀ jẹ́ ti NEM, òṣùwọ̀n àwọn ará Yúróòpù. Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ìkọ́ Kadee 17, 18, 19 tàbí 20 máa wọ̀ ọ́ láìlo sukúrù. Gígùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀, 17 ló kúrú jù. Ẹ mú èyí tó kúrú jù lọ tí wágọ́nù kò fi ní í fi orí gbá ara wọn níbi tí irin yín ti tẹ̀ jù.

Ẹ jẹ́ kí n yà kúrò lọ́nà díẹ̀. Rélùwéè wa tó gba Òṣogbo kọjá lọ sí Ìlọrin, mìlímítà 1067 ni fífẹ̀ rẹ̀, kì í ṣe 1435 bíi ti Èkó sí Ìbàdàn tuntun tí wọ́n ṣí ní 2021. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ṣe tiwa lórí ojú irin 16.5, 1:64 ni kó ṣe ara ọkọ̀, ọ̀nà tí àwọn ará New Zealand ń gbà ṣe tiwọn nìyẹn, 1067 ni tiwọn náà. Orí Kadee 5 tóbi díẹ̀ ju bó ṣe yẹ fún HO (nítorí ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe 58 àti 158 tí orí wọn kéré sí i), ṣùgbọ́n lára 1:64 kò ní í jọni lójú. Mo ti ń gé páálí fún ibùdókọ̀ Òṣogbo báyìí.

Tísà Ìmọ̀ (Iléṣà)

Ó dára bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kọ ránṣẹ́ sí Houston rèé: 148 pákẹ́ẹ̀tì mẹ́ta, tí mo máa fi ṣe ẹ́ńjìnnì méjèèjì àti wágọ́nù mẹ́rin àkọ́kọ́, McHenry fún ibi tí ẹ́ńjìnnì ti ń pàdé àti fún àwọn tó wà ní ìrù, 205 ẹyọ kan, wọ́ṣà oríṣi méjèèjì. Ti Bachmann á wà bó ṣe wà. Ẹ wò ó, ṣé ó pé?

Mọdákẹ́kẹ́ HO

Ó pé. Ẹ yọ 205 kúrò kí ẹ dín owó kù, mo ní ọ̀kan. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù Oníṣẹ́ Àago. Ẹ mú wágọ́nù kan àti ẹ́ńjìnnì kan dání, a ó fi mítà wo bí iná ṣe ń gba irin ìdí rẹ̀ kọjá kí ìkọ́ tó dé.

Òṣómàáló

Èmi náà á yọjú. Tísà, àwọn oníwo tí ẹ bá yọ, ẹ má dà wọ́n nù o. Èmi ṣì ń lò ó. Èló ni kí n san?